Abẹ́ Jíìpù

Ìnṣì mẹ́fà la fi gbé jíìpù bàbá wa ga,
kó lè gun yìnyín láì wọ́kùn nílẹ̀.
Láti ìgbà náà ló ti ń kùn.
Tẹná sí i: ó dákẹ́.
Gbẹ́sẹ̀ kúrò: gbùn-ùn, gbùn-ùn,
bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun.

“Gíà ni,” Bergsveinn wí. Ó tú gíà.
Gíà ò mọwọ́, ò mẹsẹ̀.

Ketilríður ò sọ̀rọ̀.
Ó sùn gbalaja sórí yìnyín Akureyri,
tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
ó di ṣáàfù mú, ó mì ín:
kẹ́.

Àwa la na ọkọ̀ lọ́rùn, a ò bi eegun ẹ̀yìn.
Ṣáàfù dagun jù; kúróòsì ń jẹ ara rẹ̀ lọ.

“Sípánà onímẹ́tàdínlógún,” ló kùn sí mi,
tọ́ọ̀ṣì ò kúrò lẹ́nu.