Ibi Ìsinmi Kẹta

Wọ́n fún mi ní bírò kan, ìwé aláwọ̀ ewé kan,
àga onírọ́bà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀,
wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jókòó síbi ìsinmi kẹta,
nọ́ńbà ẹni tó bá kọjá ni kí ẹ máa kọ."
Iṣẹ́ kékeré. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pe orúkọ ní kíláàsì,
mo mọ ẹni tó wá yàtọ̀ sẹ́ni tí kò wá.

Aago méje kù díẹ̀. Ìkùukùu ṣì bo orí Òkè Ìdànrè
bí ọmọrí ìkòkò tí ẹnìkan gbàgbé láti ṣí.
Àpáta ń làágùn.
Alángbá kan gun irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń mi orí sí mi
bí ẹni pé òun ló gbà mí síṣẹ́.

Ìbọn dún lápá Odòde.
N kò tíì ṣí bírò tán tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀:
pà, pà, pà-pà, lórí sìmẹ́ńtì,
kì í ṣe bí ẹni tó ń sá fún nǹkan,
bí ẹni tó ń ka owó ni.

Ọmọ Jọ́ọ̀sì kan ló ṣíwájú, wọ́n ní Pámù ló ń jẹ́,
tínrín bí igi ìṣáná,
ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti itan,
ó ń ti ara rẹ̀ gòkè bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ tó kú.
Mo rí iṣan lábẹ́ awọ itan náà:
alára ń sáré, iṣan ń sáré tirẹ̀.
Kò mí hẹlẹ. Ẹnu rẹ̀ pa dé
bí ẹni tó fi àṣírí há ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Ṣé ó wò mí? Rárá o.
Àtẹ̀gùn mẹ́ta níwájú ni ojú rẹ̀ ń wò,
mẹ́ta péré; gbogbo òkè tó kù,
ó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ó kọjá.
Atẹ́gùn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣí ìwé mi sí ojú ewé míì.
N kò kọ nǹkan kan.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù wá ya dé:
mẹ́tàdínlógún, ogójì, mẹ́sàn-án,
ọ̀kan bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ó nu ẹnu, ó tún lọ,
ọ̀kan ń bá òkè sọ̀rọ̀ ní èdè tí n kò gbọ́,
àti Ìbídàpọ̀, Ìbídàpọ̀ tí mo kọ́ ní ìsọdipúpọ̀,
tí kò dé ilé ìwé lásìkò rí!
Mo pariwo, "Ìbídàpọ̀, o tún ti pẹ́!"
Ó rẹ́rìn-ín láìdúró,
ó fi ẹ̀rín náà sílẹ̀ fún mi lọ́nà.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ dá díẹ̀ ni mo rántí ìyá ìyá mi
tí wọ́n bí sókè lọ́hùn-ún, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀,
tó ń gba ìhín yìí gòkè tòun tapẹ̀rẹ̀ iṣu,
ọmọ lẹ́yìn, oyún nínú.
Kò sí sìmẹ́ńtì nígbà náà. Gbòǹgbò igi ni,
àti èékánná ẹsẹ̀.
Ta ló fi aago wò ó?
Ta ló na omi inú ọ̀rá sí i?
Bó bá délé, wọ́n á ní, "O pẹ́ o."

Ọ̀gbẹ́ni tó fi fèrè kọ́rùn gba ìwé, ó yẹ̀ ẹ́ wò.
"Tíṣà, ẹni àkọ́kọ́ dà?"
Mo ní mo rí i.
"Ẹ rí i, ẹ ò kọ ọ́?"
Mo ní mo rí i débi pé n kò lè kọ ọ́.
Ó ní kò burú, wọ́n ti kọ ọ́ lókè.
Ìlà àkọ́kọ́ ṣófo síbẹ̀ títí dòní.

Orúnkún mi kò bá gígun jà, sísọ̀ ni kò gbà.
Mo di irin mú, mo ń fi ẹ̀yìn sọ̀,
oòrùn ti mú, alángbá ti wọ ihò,
mo ń wo àtẹ̀gùn mẹ́ta,
mẹ́ta péré,
kí n tó tún wo mẹ́ta míì.