Ìyípo Méjìlá àti Ààbọ̀

Fíríjì ni mò ń tún ṣe ní Ìjọ̀kà.
Gbogbo yìnyín tí mo mọ̀ láyé
ni èyí tí mo ń fi sukurudiráfà ha
lára fíríjà àwọn oníbàárà,
tó ń já bọ́ sínú báàfù bí èépá.

Ẹnì kan fi tẹlifísọ̀n san gbèsè gáàsì fún mi.
Mo tàn án wò lálẹ́ ọjọ́ ọyẹ́ kan, mo rí wọn:
èèyàn méjì péré, aṣọ lẹ̀ mọ́ wọn bí awọ ejò,
wọ́n tẹ̀ ba bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ,
wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn
bí bàbá àgbà tó ń wo oko ọmọ rẹ̀ kiri,
wọ́n sì ń sáré ju ọ̀kadà lọ.

Kò sí ariwo. Ìyẹn ló mú mi.
Abẹ bàtà nìkan ló ń sọ̀rọ̀: fẹ́ẹ́, tá. Fẹ́ẹ́, tá.

Ọ̀kan wà nínú wọn. Asọ̀rọ̀ gan-an máa ń kọsẹ̀ lórí orúkọ rẹ̀.
Mo sọ ọ́ ní Abíọ́nà.
Ó wà nínú ìwé mi, ìdíje mẹ́rin:
ipò kẹrin, ipò kẹrin,
ipò keje (orúnkún ń dùn ún lọ́dún yẹn),
ipò kẹrin.

Wọ́n máa ń pààrọ̀ ọ̀nà.
Ẹni inú á bọ́ síta, ẹni ìta á bọ́ sínú;
bí wọ́n bá fẹ́ pàdé, ẹni tó ń ti ìta bọ̀ ló lọ̀nà,
èkejì á dẹ ẹsẹ̀.
Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìbíjọkẹ́, ìyàwó mi.
Ó ní, "Kí wọ́n wá ṣe é ní oríta Ìsìkàn
láago mẹ́jọ àárọ̀,
ká mọ̀ bóyá èèyàn ni wọ́n."

Sátidé tó kọjá ni àṣekágbá. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún mítà.
Ọ̀já pupa wà lápá Abíọ́nà.
Ààbọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sá: ogún ìṣẹ́jú-àáyá.
Lẹ́yìn náà, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, bí ẹni tó ń fi kọ́ńgò kan náà bu èlùbọ́.
Ní ìyípo kẹsàn-án ó ti ṣíwájú aago ẹni kẹta.
Mo ti dìde lórí àpótí.

Nẹ́pà mú iná lọ.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ Ìyá Adétulà mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dákẹ́.
Aago ṣì ń lọ lọ́wọ́ mi.
Nínú òkùnkùn, èmi, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta,
mo tẹ̀ ba, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn,
mo fara sí apá òsì, mo ń kà:
mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, nítorí mo mọ̀ pé itan rẹ̀ á ti máa jó o.
Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo tẹ aago.
Ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Dátà wà lórí fóònù mi. Mi ò wò ó.
Mo fẹ́ kó ṣì máa sáré.

Iná dé nígbà tí aago mẹ́ta òru ku díẹ̀.
Wọ́n ti ń fi àwọn ọkùnrin kan hàn
tí ń gbálẹ̀ kíkankíkan níwájú òkúta,
èyí tí ìdí rẹ̀ kò tíì yé mi.
Orúkọ ń kọjá nísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀.
Ipò kẹrin.
Ó fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì yá ju bí mo ṣe kà á lọ:
èmi ló rẹ̀, kì í ṣe òun.
Ẹni tó gba idẹ fi ìdá mẹ́fà
nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá jù ú.
Mo ṣẹ́jú kí n fi wọ̀n ọ́n. Ó ti pọ̀ jù.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá Adétulà kan ilẹ̀kùn,
ó ní ṣé fíríjà òun ti ń dì?
Mo ṣí i. Nǹkan funfun kan, fẹ́lẹ́, ti hù lára irin.
Mo fi ìka kan yí i po, láti apá òsì.
"Ó ń dì," ni mo wí.
"Ó ku díẹ̀."