Owó Ẹni Méjì

Oṣù Agẹmọ ni mo lọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í lọ.
Ọdún mọ́kànlélógún ni ọkọ mi fi ń ṣe ìlérí náà:
"Tó bá di Kérésì, a ó gun òkè Ìdànrè."
Kérésì á dé, á ní èrò ti pọ̀ jù,
á ní owó ilé-ìwé ń bọ̀ ní oṣù Ṣẹrẹ.
Ọkọ ló ṣèlérí.
Ọkọ̀ ló gbé mi lọ.

Ní gáréèjì l'Ákùúrẹ́, wákàtí kan àtààbọ̀
la fi dúró de èrò kan ṣoṣo tó kù.
Fádáìró awakọ̀ ń fi bébà nu gíláàsì tí kò fẹ́ mọ́.
"Màmá, òkú ta lẹ fẹ́ lọ sin?"
Mo ní ìran ni mo fẹ́ lọ wò.
Ó wo òjò. Ó wo bàtà mi.
Ó ní, "Ìran wo?"

Obìnrin kan wọlé níkẹyìn, ó gbé àgbébọ̀ mẹ́ta lé ẹsẹ̀,
a fún pọ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé.
Okùn ni wọ́n fi de ilẹ̀kùn apá ọ̀tún;
bí a bá kó sí kòtò, adìẹ á sọ̀rọ̀,
gbogbo wa á dákẹ́.
Nígbà tó yá, àwọn òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn oko kòkó,
dúdú, orí pípá, omi ń ṣàn lójú wọn
bí àgbàlagbà tó ń làágùn níwájú adájọ́.

Akínnawọ́nù tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì sùn lórí bẹ́ǹṣì.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kan tábìlì.
Ó ní èmi ni ẹni kejìlá láti ọjọ́ Àjíǹde.
Kò ní ṣéńjì. Ó yá mi ní ọ̀pá dípò rẹ̀,
ó ní kí n má gbàgbé dá a padà.

Àtẹ̀gùn. Mo kà á dé igba ó lé mẹ́tàdínlógún,
ibẹ̀ ni mo ti yọ̀, tí mo di irin mú,
tí òǹkà jábọ́ lọ́wọ́ mi. N kò sọ̀kalẹ̀ lọ ṣà á.

Wọ́n ní tó bá di Kérésì, ayàwòrán á dúró síbi ìsinmi kọ̀ọ̀kan,
ọmọdé á máa ta omi tútù, ẹ̀rọ orin á máa ké.
Lónìí, òjò ló kọ́kọ́ jókòó lórí àga sìmẹ́ńtì kí n tó dé.
Òfàfà kan yọjú, ó wò mí bí ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Lókè, ìkùukùu ti gbé ìlú ìsàlẹ̀ mì,
òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ṣẹ́kù, bí ẹyọ eyín.
Mo bá ilé ẹjọ́ tí àwọn tó ṣí kúrò níbẹ̀ fi sílẹ̀.
Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́
ní kóòtù Àkúrẹ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà,
mo ń retí kí ẹnìkan ní kí n jókòó.
Ògiri amọ̀. Koríko níbi tí adájọ́ ì bá wà.
Ta ló jẹ̀bi? Owó ni, àbí èrò, àbí èmi tí n kò dá lọ?
Òjò wí tẹnu rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
n kò rí nǹkan kan kọ sílẹ̀.

Mo jẹ bọ́ọ̀lì tí mo rà ní gáréèjì.
Ó ti tutù. Ó dùn.

Orúnkún ló mọ ìsọ̀kalẹ̀.
Mo dá ọ̀pá padà; Akínnawọ́nù ti tún sùn.

Ní agogo márùn-ún, ọkọ̀ kan ló kù, ti Fádáìró ni.
Èrò mẹ́ta, èmi náà kún un. Ààyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Ó ní a lè dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú,
tàbí kí ẹnìkan san owó ààyè yẹn.
Àwọn méjì tó kù ń wo ẹsẹ̀ wọn.
Mo ka owó ẹni méjì sí i lọ́wọ́.
Ó bi mí bóyá ẹnìkan ṣì ń bọ̀.
Mo ní rárá, kó máa wakọ̀ lọ.
Mo gbé agbòjò mi jókòó síbẹ̀;
ó ń kán tó, tó, tó, títí a fi wọ Àkúrẹ́.