Pẹ́ńsù Tauno

Ní Kokkola, létí òkun tó dì bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná,
oòrùn oṣù kìíní kì í jí kí aago mẹ́wàá tó lù.
Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé àṣẹ àyípadà
nílé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé aláìsàn,
èyí tí ń gbé arúgbó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì
lọ sí ibi ìwẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

Vuokko ló kọ́kọ́ rí i.
Ó gbé bóòtì apá ẹ̀rọ sábẹ́ awò,
ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan."
Ó ti là, tínrín bí irun ọmọ tuntun.

Mìlímítà mẹ́jọ ni. Ó yẹ kó jẹ́ mẹ́wàá.
Mìlímítà méjì péré! Ta ni yóò pariwo nítorí ìyẹn?
Ṣùgbọ́n bí bóòtì bá sanra, ihò gbọ́dọ̀ fẹ̀,
bí ihò bá fẹ̀, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn,
bí irin bá nípọn, páálí ò ní lè gbé e mọ́,
oníṣòwò páálí ní Vaasa á sì dá owó tuntun lé wa lórí.
A fọwọ́ kan okùn kan, gbogbo àwọ̀n ló mì.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.
Ó dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, ó buwọ́ lù ú.
Ó dé ẹ̀ka ìrajà, wọ́n ní
bóòtì àtijọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ṣì wà ní sítọ́ọ̀,
ṣé ká kọ́kọ́ lò wọ́n tán?
Mo rántí ìyá ìyá mi lórí irú ẹ̀rọ yìí,
ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì bí aṣọ tí a sá.
Yíǹkì pupa ni mo fi dáhùn: RÁRÁ.
Ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá ti lọ pẹja nínú ihò yìnyín.
Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìwé fi sùn lórí tábìlì rẹ̀,
ọjọ́ mọ́kànlá tí èmi ò fi rí oorun sùn.

Ó buwọ́ lù ú.
Àwòrán karùn-ún dé, àwòrán kẹrin kú.
Iṣẹ́ mi ni kí n lọ kó òkú rẹ̀ jọ
lára ògiri, nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ife kọfí,
torí bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù
á tún bí bóòtì àtijọ́, bí ẹni pé a ò sọ nǹkan kan.

Tauno kò fẹ́ fi tiẹ̀ sílẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń lu irin níhò.
Ó na àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí.
Mo ní, "Tauno, ìwé ti pàṣẹ."
Ó ní, "Òtútù kì í mú ìwé."
Ó gbọ́wọ́ kúrò.

Pẹ́ńsù ló kún etí àwòrán náà,
wínníwínní, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí yìnyín:
*Oṣù kìíní, jẹ́ kí irin wọlé sùn mọ́jú kí o tó lù ú.*
*Ẹ̀rọ kejì ń purọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.*
*Epo lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó.*
Kò sí ọ̀kankan nínú àwòrán karùn-ún.

Mo jókòó sórí àpótí bóòtì.
Mo fa fọ́ọ̀mù tuntun yọ.
Ẹni tó bèèrè: mo kọ orúkọ Tauno.
Ìdí: mo kọ ọ́ pé, *ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.*
Mo pa á rẹ́. Wọn ò ní buwọ́ lu ọwọ́.
Mo kọ ọ́ pé, *irin tó tutù máa ń súnkì.*
Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó kàn wọ kóòtù.

Mo na bírò sí i pé kó buwọ́ lù ú.
Pẹ́ńsù ló ń wá kiri nínú àpò.
"Bírò kì í ṣeé parẹ́," ló wí. "Bí mo bá ṣì í kọ ńkọ́?"
Mo ní, "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Àwòrán keje ń bọ̀."