Ẹ̀kán Kẹta

Wọ́n kọ́ wa ní Gwagwalada fún ọjọ́ mẹ́wàá:
ìka àárín ni, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e,
ẹ̀gbẹ́ ìka, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀.
Gún un lẹ́ẹ̀kan. Má gún un lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ̀kán kìíní, fi òwú nù ún.
Ẹ̀kán kejì, nù ún pẹ̀lú.
Ẹ̀kán kẹta ni ẹ̀rọ ń fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé àpótí dé Rubochi,
ọ̀kadà méjì, erùpẹ̀ pupa dé irun ojú,
èmi ọmọ Ìpetumodù
tí mi ò gbọ́ Gbagyi ju ìkíni lọ.

Ilé kẹrìnlá nínú ìwé wa.
Ìyàwó ilé ń ti oko igi bọ̀,
ẹrù rẹ̀ lórí èjìká, kì í ṣe lórí;
níbẹ̀, orí kì í ru igi.
Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó di ògiri mú,
ó ń mí bí ẹni tó sáré,
bẹ́ẹ̀ ìrìn lásán ló rìn.
Talatu. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Ọmọ mẹ́rin láyé, ọ̀kan lọ́run.
Fọ́ọ̀mù béèrè, ó dáhùn.

Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Ẹ̀jẹ̀ yẹn, níbo lẹ ń gbé e lọ?"
Mo ní kò lọ síbì kankan,
kò tó ohun tí ẹ̀fọn kan ń mu lóru.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yẹra.

Mo nu ti kìíní. Mo nu ti kejì.
Ẹ̀kán kẹta jáde bí osùn tí wọ́n bu omi là jù.
Ẹ̀rọ ronú, ẹ̀rọ tí kò ju ìkúùkù mi lọ.
Ó kọ méje, ó fi àmì sí i, ó kọ ẹyọ kan.
Méjìlá la fẹ́ kó kọ.

Bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ ọ́,
ìyá ọkọ dìde lórí ẹní,
ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú Talatu wálẹ̀:
inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù.
Ìyá sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ túmọ̀:
"Láti ìgbà ìkórè àgbàdo ni mo ti rí i.
Mo sọ fún ọmọ mi. Ó ní ṣé nọ́ọ̀sì ni mí ni."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Ìgbà náà ló na ìka tirẹ̀ sí mi,
èékánná rẹ̀ jìn láàárín bí ṣíbí.
"Gún tèmi."
Mo ti fa òwú yọ kí n tó rántí:
mọ́kàndínláàádọ́ta ni fọ́ọ̀mù parí sí.
Mo ní, Màmá, ẹ dákun, ìwé wa ò dé ọ̀dọ̀ yín.
Ògbufọ̀ pẹ́ kó tó túmọ̀ ìyẹn.
Ìyá ní: "Ṣé tèmi kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́ ni?"

Mi ò ní èsì. Lẹ́tà ni mo ní,
èyí tí à ń kọ sí ilé ìwòsàn Kuje
fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.
Owó ọ̀kadà dé Kuje, fọ́ọ̀mù ò béèrè ìyẹn.
Ọkọ ń wo ilẹ̀.
Ìyá tú kókó etí ìró rẹ̀,
ó ka owó tó ti rọ̀ bí aṣọ, ó tún un kà,
ó fi lé Talatu lọ́wọ́
láìwo ojú ọmọ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, lábẹ́ igi mángòrò,
mo ka obìnrin mọ́kànlá, mo fi iye wọn ránṣẹ́ sí Abuja.
Iye kì í sọ ẹni tó kọ́kọ́ rí i.
Mo di ẹnu ọ̀rá ìdọ̀tí,
òwú pupa, òwú pupa, gbogbo ohun tí mo nù dànù.
Ọ̀kan péré ló funfun.
Ti ìyá ni.