Ìṣó Mẹ́tàdínlógún

Ní Ṣílọ́ǹgì, níbi tí òjò ti ń bá ọ́fíìsì ṣiṣẹ́,
èmi Banshan ni mo ń kan àwòrán mínísítà ètò ẹ̀kọ́ mọ́ ògiri.
Ìṣó mẹ́tàdínlógún. Òòlù kan náà.

Ọ̀rinrin ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni àkọ́kọ́.
Ìkejì kò pẹ́: ìjọba dojú dé kí tíì rẹ̀ tó tutù.
Ìkẹsàn-án lọ, ó padà wá di ìkọkànlá,
irun orí nìkan ni kò bá a padà.
Ìyáàfin Daphisha bi mí lórúkọ.
Lọ́jọ́ kejì, ó tún bi mí.

Fáìlì kan wà tí mo ń gbé láti tábìlì dé tábìlì:
afárá odò tó dínà ilé ìwé abúlé wa.
“Mo ti rí i,” ni gbogbo wọn kọ sí i,
tàdáwà dúdú, tàdáwà búlúù, aláwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan.
Fáìlì sanra. Odò náà sanra.
Iaisan ọmọ mi, tó ń gba orí ọparun kọjá nígbà náà,
ti di tíṣà níbẹ̀ báyìí;
ẹ̀yìn rẹ̀ ni afárá àwọn ọmọdé.

Mínísítà tuntun ń bọ̀ lọ́la.
Ògiri ti kún.
Wọ́n ní kí n sún àwọn àgbà mọ́ra díẹ̀.