Owó Ìjókòó

Èmi ni mo máa ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀.
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti Ọ̀fà wá sí Gwagwalada
pẹ̀lú báàgì kan àti ìwé-ẹ̀rí tí òjò ti pa létí.
Mo mọ ikọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn:
ti alága a máa ṣáájú irọ́,
ti akápò a máa tẹ̀lé e.

Lónìí, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Wuse la ti ń ṣèpàdé
nítorí pé kò sí iná ní yunifásítì.
Kò sí iná nítorí pé a ò tíì ṣèpàdé lórí ẹ̀.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń mí sí wa lọ́rùn.
Ọyẹ́ ń jà lóde, ó ń fi eruku kun fèrèsé
títí òkè gbogbo fi pòórá.

Kókó kìíní: omi ilé àyẹ̀wò.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Maikudi ní ká gbé ìgbìmọ̀ kékeré dìde.
Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kọ:
ìgbìmọ̀ kẹrin nìyí lórí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo.
Àkọ́kọ́ bí èkejì, èkejì bí ẹ̀kẹta,
kò sí èyí tó bí omi nínú wọn.
Píọ̀ wọ́tà làwọn ọmọ fi ń fọ ìgò kẹ́míkà.

Kókó kejì: ta ni yóò jẹ gíwá tuntun?
Wọn ò béèrè ohun tó mọ̀.
Ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n béèrè.
Ẹnìkan fi fóònù sétí, ó jáde, ó wọlé padà,
orúkọ òkè sì ti di tìsàlẹ̀.
Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.

Zigwai ò sí nínú ìwé ìpàdé.
Fáìlì ẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì tó kángun sẹ́nu ọ̀nà,
èsì ìdánwò tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀ lọ sókè òkun.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n kọ ọ́ sí i lára: Ẹ fojú sí i.
Ojú mẹ́fà wà lára fáìlì,
kò sí ọwọ́ kan.
Mo rí i ní Zuba lọ́jọ́ Àìkú, ó ń ta káàdì fóònù.
Ó kúnlẹ̀ kí mi.
Ìyẹn ló dùn mí jù.

Àpòòwé funfun bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yíká tábìlì.
Owó ìjókòó. Ẹni tó bá jókòó ló ń gbà á.
Tabawa tó ń gbálẹ̀ ilé àyẹ̀wò
ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà akápò fún oṣù mẹ́jọ owó oṣù;
kò sí owó ìdúró.

"Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn wà?" Alága ló béèrè.
Ikọ́ gbé mi.
Gbogbo wọn yíjú sí mi,
ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kọkànlá.
"Kò sí, sà," mo ní. "Eruku ni."

Mo kọ ọ́ pé ìpàdé parí ní aago méjì.
Àpòòwé tèmi tínrín.
Mo gbà á.
Orí ìjókòó lèmi náà wà.